Iná Jórin-jórin àti Iná Ìràwọ̀

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí iná jórin-jórin kọ́kọ́ mú mi lójú. Bàbá mi ń jó irin níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ajégúnlẹ̀, èmi sì jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì kan, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni ń wo sinimá. Wọ́n ké mọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n gbójú kúrò. Mo gbójú kúrò, mo tún gbé e padà. Kò dùn mí rárá lásìkò yẹn, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Mo jẹun alẹ́, mo ṣeré, mo sùn. Nígbà tó di òru, mo figbe ta. Ó dà bíi pé ẹnì kan bu yanrìn gbígbóná sí mi lẹ́yinjú. Omi ń dà, ipéǹpéjú mi kò ṣeé ṣí.

Ìyá mi ní àpólò ni. Gbogbo ilé náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ nípa orúkọ yẹn. Ní ọdún 1969, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá, àrùn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ó sì ràn dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀, ni wọ́n bá ń pe àrùn náà ní àpólò títí di òní. Òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ojú pípọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan ìràwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí n tó mọ̀.

Bàbá mi nìkan ni kò gbà pé àpólò ni. Wọ́n gbé àtùpà sún mọ́ mi, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Iná ló mú un. Iná yẹn kì í dunni lásìkò téèyàn bá ń wò ó. Òru ló máa ń wá gba owó rẹ̀." Ìyá ọmọ tuntun kan tó wà ní yàrá kejì sí tiwa fún omi ọmú sí mi lójú. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé mi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú mi là, mo sì gbàgbé.

Bàbá mi kò lè gbàgbé ní tiwọn, nítorí iṣẹ́ wọn ni. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń jó gẹ́ètì, irin ojú fèrèsé, irin tí wọ́n ń gbé tánkì omi lé, àti ní pàtàkì jù lọ, ẹ̀yìn tírélà tó bá ṣẹ́ lọ́nà Apápá. Ẹni tó bá mọ Creek Road àti ọ̀nà Tin Can á mọ̀ pé iṣẹ́ tírélà kò lè tán níbẹ̀ láé. Awò tí wọ́n ń lò, awò oòrùn lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Boundary. Ìbòjú gidi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó so rọ̀ sára ìṣó, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó wúwo, ó sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi kékeré ni wọ́n fẹ́ fi iná kàn, wọ́n á kàn di ojú, wọ́n á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà pé bí iná náà ṣe mọ́lẹ̀ tó ló ń bani lójú jẹ́, àti pé ẹni tó bá ti diju, ó ti bọ́.

Ní SS2 ni olùkọ́ Físíìsì wa fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù wọn. Kíláàsì wa pọ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn gun orí àga. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ìsàlẹ̀ òkun ni. Ohun pupa ńlá kan rú bí èéfín, ìmọ́lẹ̀ dídán mélòó kan wà láàárín rẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ohun búlúù kan wà tó rí roboto bí ẹyinjú. Wọ́n ní awò awọ̀nàjíjìn Hubble ló ya á, àti pé oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde láti fi ṣàjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún tí awò náà ti wà lójú òfurufú. Mo rántí oṣù yẹn dáadáa. Kónílé-ó-gbélé ni nílùú Èkó, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní títì, gààrí là ń mu láàárọ̀, òun náà là ń tẹ̀ ní ẹ̀bà lálẹ́. Kò sẹ́ni tó bá wa sọ ọ́ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde.

Ohun pupa yẹn ń jẹ́ NGC 2014, èyí búlúù ń jẹ́ NGC 2020. Nébúlà ni wọ́n ń pe irú wọn. Ọ̀rọ̀ Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju kùrukùru lọ. Afẹ́fẹ́ àti eruku ni, háídrójìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn kò sí nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa tí à ń pè ní Milky Way. Inú ìṣùpọ̀ mìíràn tó múlé tì wá ni wọ́n wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Àwọsánmà Ńlá ti Magellan. Mo ní ó múlé tì wá. Ẹ má rò pé bí Ajégúnlẹ̀ ṣe múlé ti Apápá ni. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó ń gbà á tó 160,000 ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Kùrukùru yẹn kò ní iná kankan tirẹ̀. Bí kò bá sí àwọn ìràwọ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ ni, òkùnkùn ni ì bá jẹ́. Àwọn ìràwọ̀ tó wà láàárín NGC 2014, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ogún. Ìràwọ̀ tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná kọjá sísọ. Ojú oòrùn wa gbóná tó nǹkan bí 5,500 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Tiwọn ń lọ sí 20,000, sí 30,000. Ohun tó bá sì gbóná tó yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Ultraviolet ni. Ultraviolet yìí á bá háídrójìn, á ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ dànù. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á wá ilé padà, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàsọ̀ kan sí òmíràn ni yóò máa tú agbára sílẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ pupa á bá jáde. Nítorí náà, ìràwọ̀ kò tan iná sí kùrukùru bí a ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Kùrukùru ló ń gba ohun tí a kò lè rí, tó ń san án padà ní ohun tí a lè rí.

Olùkọ́ wa nawọ́ sí gílóòbù gígùn tó wà lókè kíláàsì. Kò tàn lọ́jọ́ náà, kò kúkú sí iná. Wọ́n ní inú irú gílóòbù yẹn, ultraviolet ló kọ́kọ́ ń jáde, ẹ̀tù funfun tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tí à ń lò. Wọ́n wá bèèrè pé, "Ta ni bàbá rẹ̀ ń ṣe jórin-jórin níbí?" Àwa mẹ́ta la nawọ́. "Ultraviolet yìí náà ló wà nínú iná bàbá yín."

Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e. Alẹ́ ọjọ́ tí mo figbe ta yẹn ni mò ń rò.

Nígbà tí ọkàn mi padà wálé, ọ̀rọ̀ ihò ni wọ́n ń sọ. Àwọn ìràwọ̀ yẹn kì í kàn tan ìmọ́lẹ̀; afẹ́fẹ́ ń tú jáde lára wọn, eré rẹ̀ sì lè tó 2,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohunkóhun tó bá dúró lọ́nà rẹ̀, á tì í sẹ́yìn, á gbẹ́ ẹ. Bí ihò ṣe ń dá sáàárín nébúlà nìyẹn, tí etí ihò náà á ki, á rú bí òkìtì, nígbà mìíràn ìràwọ̀ tuntun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí níbi tó ki yẹn. NGC 2020 tó rí bí ẹyinjú, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe é. Ó wúwo ju oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 200,000. Aṣọ òde ara rẹ̀ ló bọ́ dànù sí òfurufú. Àwọ̀ búlúù yẹn, ọ́síjìn ni, tó gbóná tó nǹkan bí 11,000 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì.

Mo fi fóònù ìyá mi wá àwòrán náà, mo gbé e fún bàbá mi lálẹ́. Wọ́n gbé fóònù náà jìnnà, wọ́n fà á sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Mo rí i pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àgbà ló ń dé ni. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ẹni tó mọ irin gé ló ṣe eléyìí."

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ní tí èèyàn bá fẹ́ fi gáàsì gé irin, iná kọ́ ló ń gé e. Iná kàn ń mú irin gbóná títí á fi pọ́n ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ọ́síjìn á tú jáde wàà, á jó irin tó ti pọ́n yẹn, á sì fẹ́ ẹ dànù, ihò á lu, ìdàrọ́ á sì ṣù jọ sí etí rẹ̀. "Bó o ṣe ní ìràwọ̀ ń fẹ́ yẹn náà ni. Àti pé iná búlúù ló gbóná jù. Iná pupa ò lè gé nǹkan kan."

Inú mi dùn débi pé mo sáré sọ fún olùkọ́ wa lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ti ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, òótọ́ ni bàbá mi sọ: ìràwọ̀ búlúù gbóná ju pupa lọ. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe lo òfin yẹn fún kùrukùru. Pupa níbẹ̀, háídrójìn ni, búlúù, ọ́síjìn ni, oníkálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún bàbá mi, wọ́n ní, "Olùkọ́ yín ò tíì gé irin rí." Mi ò padà jíṣẹ́ ìyẹn.

Olùkọ́ wa ti ṣírò rẹ̀ lórí pátákó bóyá a lè rí Àwọsánmà Ńlá ti Magellan láti Èkó. Èkó wà ní ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, òun wà ní nǹkan bí 69 sí gúúsù. Ẹ mú 90, ẹ yọ 6.5, ẹ tún yọ 69. Ó ku 14.5. Ìyẹn ni pé bó bá ga dé ibi tó lè ga dé, tí èèyàn bá na ọwọ́ tán tó di ẹ̀ṣẹ́, kò ju ẹ̀ṣẹ́ kan àbọ̀ lọ sókè ibi tí ọ̀run ti pàdé òkun. Ìparí oṣù kìíní, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ni kí a wá a. Kí a kọ́kọ́ wá Oríónì tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Jóòbù, èyí tí ìràwọ̀ mẹ́ta tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín rẹ̀. Tó bá ti wà ní òkè orí wa gan-an, kí a sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí gúúsù.

Ó bọ́ sí àsìkò tí bàbá mi ń jó irin tánkì sórí ilé alájà mẹ́ta kan lẹ́bàá wa. Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, a sì gun òkè lọ lálẹ́, èmi àti àwọn. Wọ́n ti mú iná lọ. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ṣókùnkùn, àyàfi ilé àwọn tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń ké. Ṣùgbọ́n iná èbúté kì í kú. Ní gúúsù, Apápá àti Tin Can mọ́lẹ̀ rekete, iná ńláńlá dà lé orí kọ̀ǹténà àti àwọn kéréènì, eruku ọyẹ́ sì gba gbogbo iná náà sára, ó pọ́n bí ògiri amọ̀. Ibi ẹ̀ṣẹ́ kan àbọ̀ tí mò ń wá, inú ògiri yẹn ló wà.

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá, ẹ wo òkè." Oríónì wà níbẹ̀, ó mọ́ ketekete. Nísàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn, nébúlà kan wà tó jẹ́ ti ilé wa, nínú Milky Way níbí, tí kò jìnnà ju ìrìn nǹkan bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Ojú lásán rí i bí ohun tí ẹnì kan fi ìka pa rẹ́. Mo ń ṣàlàyé lọ: mo ní nínú Àwọsánmà Magellan lọ́hùn-ún, òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Aláǹtakùn, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Lacaille, wò láti ìsàlẹ̀ Áfíríkà ní Cape Town lọ́dún 1751; ìràwọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 150; bí wọ́n bá gbé Aláǹtakùn yẹn wá sí ibi tí Oríónì wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á mú kí òjìji wa hàn nílẹ̀ lóru.

Bàbá mi ní, "Ìràwọ̀ mẹ́ta wo?"

Mo nawọ́ sí i. Wọ́n gbójú sókè pẹ́ títí. Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé láti ìgbà Iléyá ni ojú ọ̀tún àwọn ti dà bíi pé èèyàn ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá, òsì náà sì ti ń tẹ̀ lé e. Iná èbúté lọ́hùn-ún, ẹyọ kan ń di mẹ́ta mọ́ àwọn lójú, gbogbo rẹ̀ á sì yọ́ mọ́ra. Ti ìràwọ̀ ni kí n má tilẹ̀ sọ. Mo rántí fóònù tí wọ́n ń gbé jìnnà tí wọ́n ń fà sún mọ́. Mo rántí pé orí àkàsọ̀ ni wọ́n wà látàárọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí òrùlé alájà mẹ́ta, tí wọ́n ń jó irin.

"Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi sọ fún ìyá mi.

Ìjà ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé kọ tán. Bàbá mi ní mo tú àṣírí àwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn wá láti Amùkòkò, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì mọ ẹni tí a lè lọ rí. Bàbá mi ń gbọ́, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bèèrè pé, "Bàbá, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje tí ojú mi ta lóru, ayé wo ló ṣe mí?" Wọn ò dáhùn. Mo ní ohun tó dùn mí lóru yẹn kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí mo rí. Èyí tí mi ò rí ni. Awò oòrùn tí wọ́n ń rà ní Boundary kàn ń mú kí ojú ọjọ́ ṣú ni, kò lè dá agbára iná yẹn dúró. Mo gbé àwòrán yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó mọ irin gé ló ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n wọn ní irú ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ti dókítà ná."

Aago márùn-ún ìdájí la ti wà lórí ìlà nílé ìwòsàn ìjọba. Bẹ́ǹṣì náà gùn, a sì ní àkókò. Bàbá mi bi mí bóyá ọmọ Nàìjíríà kankan ń ṣe irú iṣẹ́ ìràwọ̀ yìí. Mo sọ ìtàn Samuel Okoye fún wọn. Nígbà tó wà ní Cambridge, lọ́dún 1965, òun àti Antony Hewish rí ohun kékeré kan láàárín nébúlà kan tí wọ́n ń pè ní Crab, tó ń rán ìgbì rédíò alágbára jáde. Ìràwọ̀ ńlá kan ló bú gbàmù níbẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà rí lọ́dún 1054. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí Okoye àti Hewish kọ ìwé wọn ni àwọn onímọ̀ wá mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ náà ló wà láàárín níbẹ̀ tó ń pòòyì, nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okoye padà wálé, ó sì dá ibi ìwádìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka. Mo sọ fún wọn pé bí ìràwọ̀ ńlá ṣe ń kú nìyẹn: oòrùn wa á lo nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún, àwọn ńlá wọ̀nyẹn, mílíọ̀nù mélòó kan péré. Ọ̀kan bú nínú Àwọsánmà Magellan lóṣù kejì ọdún 1987, nítòsí Aláǹtakùn, ojú lásán rí i.

Bàbá mi ní, "1987? Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Dókítà ní kùrukùru ti bo dígí tó wà nínú ẹyinjú wọn, ti ọ̀tún ló sì le jù. Ó ní àwọn ò lè sọ pé iná nìkan ló fà á, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná lè lọ́wọ́ sí i. Wọ́n lè yọ ọ́, kí wọ́n fi dígí kékeré mìíràn rọ́pò. Èésú tí ìyá mi kó lóṣù kejì ni a fi ṣe é. Owó lẹ́sìnnì mi wà nínú owó yẹn, nítorí náà mo ń ka JAMB nílé fúnra mi báyìí, pẹ̀lú ìwé tí mo yá.

Ìbòjú ti kúrò lára ìṣó. Àwọn ọmọṣẹ́ méjèèjì ń kùn pé ó wúwo. Bàbá mi ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dé e kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ìparí oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n mú iná lọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Mo wà nínú ilé, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé, bàbá mi pè mí láti ìta pé, "Ìyá mi, wá." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè mí, nítorí pé ẹ̀yìn ikú ìyá wọn ni wọ́n bí mi. Oríónì ti kọjá àárín ọ̀run, ó ti ń tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n fọwọ́ bo ojú òsì, wọ́n ń fi ọ̀tún wò.

"Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ṣé àwọn nìyẹn?"

Mo ní àwọn ni. Wọ́n wá ìràwọ̀ pupa tó wà lápá kan, Betelgeuse, àti búlúù tó wà lápá kejì, Rigel, láìjẹ́ pé mo nawọ́ sí wọn. Wọ́n ní, "Ti búlúù yẹn ló lè gé irin." Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń wo apá òsì ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn, wọ́n nu ojú, wọ́n tún wò ó.

"Èyí tó wà níbí yìí ńkọ́? Ó dà bíi pé èéfín bò ó. Àbí ojú mi ló tún ń ṣe é ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."